Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Fífi Àwòrán 3D Wádìí Ìjàǹbá Ibi Ìkẹ́rùsí

Láti ìgbà tí mo ti ń gbé kọ̀ǹpútà àti okùn ìwọnlẹ̀ káàkiri Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láti wádìí ìjàǹbá iná, àwọn ìbéèrè kan náà ni àwọn ènìyàn máa ń bi mí, bóyá lọ́jà Ouando, bóyá nínú mọ́tò, bóyá lẹ́yìn ìrun tàbí ìsìn. Mo kọ ìdáhùn wọn síbí. Ẹni tó bá kó epo, gáàsì, òwú, ajílẹ̀ tàbí àgbàdo púpọ̀ sábẹ́ òrùlé kan, òun ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Aládùúgbò rẹ̀ náà ní ìpín níbẹ̀, torí iná kì í béèrè ẹni tó nilé kó tó fo odi.

Kí ni 3D, kí sì ni àfarawé?

Àwòrán orí ìwé ní gígùn àti fífẹ̀ nìkan. 3D (àwọn ọmọ tó lọ sílé ẹ̀kọ́ Faransé níbí ń pè é ní "trois D") fi gíga kún un. Ẹ lè yí ilé náà po lójú kọ̀ǹpútà, ẹ lè gba ẹnu ọ̀nà wọlé, ẹ lè gun òrùlé wò ó. Ilé ìkẹ́rùsí tí a bá wọn dáadáa yóò rí bó ṣe rí gan-an, títí dé àlàfo tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn.

Àfarawé ló tẹ̀ lé e. A ó pín afẹ́fẹ́ inú ilé náà sí àpótí kéékèèké, bí ìgbà tí wọ́n to ṣúgà oníhóró sínú páálí. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, kọ̀ǹpútà ń ṣírò bí ooru ibẹ̀ ṣe tó, ìhà ibi tí afẹ́fẹ́ ń lọ, bí èéfín ṣe pọ̀ tó. Ó ń tún un ṣírò lemọ́lemọ́ bí àkókò ṣe ń lọ. Òfin tó ń tẹ̀ lé kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti dáná rí: ohun tó gbóná a máa gòkè, ohun tó wúwo a máa wálẹ̀, ohun tó bá sì wọlé gbọ́dọ̀ wà níbì kan.

Ṣé kì í ṣe fíìmù lásán nìyẹn?

Rárá o. Ẹni tó ń ṣe fíìmù ló ń pàṣẹ ibi tí iná yóò gbà. Nínú àfarawé, a ó fi iná síbi tí ẹ̀rí bá ní ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó sì dúró wo ibi tí òun fúnra rẹ̀ yóò gbà lọ. Nígbà mìíràn, ó máa ń gba ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rò. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: a ó padà síbi ìjàǹbá, a ó wo ògiri, bóyá òótọ́ ni eérú wà níbi tí kọ̀ǹpútà ní kó wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, a jẹ́ pé a ti ṣi nǹkan wọ̀n, tàbí a ti gbọ́ irọ́.

Kí ló dé tí ìjàǹbá ibi ìkẹ́rùsí fi ṣòro wádìí?

Nítorí pé iná a máa jẹ ẹ̀rí rẹ̀. Bí mọ́tò méjì bá kọlu ara wọn lójú títì tó lọ sí Pobè, irin tó tẹ̀ yóò wà nílẹ̀ fún gbogbo ayé láti wò. Ṣùgbọ́n bí ibi tí wọ́n kó epo sí bá jó, òrùlé ti wó, kẹ́ẹ̀gì ti yọ́, ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe to ẹrù lè ti kú tàbí kó ti sá lọ. Ohun tó kù ni ògiri dúdú, páànù tó ká kò, àti ọ̀rọ̀ ẹnu ènìyàn ogún tí kálukú wọn dúró síbi ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn gan-an ni 3D ń bá wa tò pọ̀. Ẹnì kan ní òun rí iná láti ojú fèrèsé. Ẹlòmíràn ní kò sí fèrèsé níbẹ̀. A ó gbé ojú wa sí ibi tí ẹni àkọ́kọ́ dúró sí nínú àwòrán náà, a ó wò ó. Mo ti rí i tí ẹni méjì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jà dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí wọ́n rí i pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ: ọ̀kan dúró níwájú, èkejì dúró lẹ́yìn igi máńgòrò tó bo fèrèsé lójú rẹ̀.

Ìdí kejì ni pé ohun tó ń pa ènìyàn jù níbẹ̀ kì í ṣe ohun tí ojú ń rí. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e dá lórí rẹ̀.

Kí ni afẹ́fẹ́ epo tí ẹ máa ń dárúkọ?

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí èyí, torí bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ìyókù, mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé rẹ̀.

Bẹntiróò fúnra rẹ̀ kì í jó. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ara rẹ̀ jáde ló ń jó. Kò dúró de oòrùn kó tó jáde. Kódà nínú òtútù tó le ju ti yìnyín lọ, yóò ṣì máa jáde. Afẹ́fẹ́ yìí wúwo ní ìlọ́po mẹ́ta sí mẹ́rin ju afẹ́fẹ́ tí a ń mí lọ. Nítorí náà kì í gòkè bí èéfín. Ó ń rìn nílẹ̀, ó ń wọ́ bí omi tó dà, ó ń wọ gọ́tà, ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn lọ sí yàrá kejì, títí yóò fi dé ibi tí ẹnì kan ti ń dáná nínú ààrò.

Bí ó bá tó nǹkan bí ìdá 1.4 nínú ọgọ́rùn-ún afẹ́fẹ́ inú yàrá, ó ti lè gbiná. Bí ó bá kọjá ìdá 7.6, kò ní jó mọ́, torí ọ́síjìn kò tó. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ilẹ̀kùn níbẹ̀ ti jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ti dá a padà sí ibi tó léwu. Lítà kan ṣoṣo, bí gbogbo rẹ̀ bá fò dà sínú afẹ́fẹ́, tó fún yàrá kékeré tí ẹnì kan ń sùn. Bídọ́ọ̀nù tó wà lẹ́yìn ìbùsùn mélòó kan ní Àjàṣẹ́ gba lítà márùndínlọ́gbọ̀n.

Ìyẹn ni ojú kò rí. Nínú àwòrán 3D, a lè fún afẹ́fẹ́ epo ní àwọ̀. Mo máa ń fi àwọ̀ osùn sí i. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ fi han ìyàwó elépo kan ní Adjarra bí osùn náà ṣe kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí ọkọ rẹ̀, tó rọra gba ọ̀ọ̀dẹ̀, tó wọ ilé ìdáná, kò bi mí ní nǹkan kan. Ó dìde, ó lọ gbé ààrò rẹ̀ kúrò níbẹ̀.

Ṣé irú ìwádìí yìí ti ṣiṣẹ́ níbì kan rí?

Ó ti ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n mú mẹ́ta.

Ní Buncefield, ibi tí wọ́n ń kó epo sí nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2005, epo kún táńkì kan tí wọ́n ń pè ní 912, ó sì ṣàn dànù. Ohun tó ń fi bí epo ṣe kún tó hàn ti há síbì kan láti òru, ó ń sọ pé epo kò kún sí i mọ́, bẹ́ẹ̀ epo ṣì ń wọlé. Ẹ̀rọ kejì tó yẹ kó dá a dúró kò ṣiṣẹ́. Epo ń dà láti orí táńkì bí òjò, ó ń fọ́ sí wẹ́wẹ́ bó ṣe ń bọ̀, ìyẹn sì mú kí afẹ́fẹ́ epo pọ̀ gan-an. Ọjọ́ náà tutù, atẹ́gùn kò sì fẹ́. Àwọn kámẹ́rà tó wà níbẹ̀ rí kùrukùru funfun tó ń tàn kálẹ̀. Nígbà tó di aago mẹ́fà àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ó bú gbàù. Ènìyàn 43 fara pa. Kò sẹ́ni tó kú, nítorí pé ọjọ́ ìsinmi ni, tí àwọn ọ́fíìsì tó yí ibẹ̀ ká sì ṣófo.

Ohun tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni bí agbára rẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Gbangba ni ibẹ̀, wọ́n sì ti rò pé afẹ́fẹ́ epo ní gbangba kò lè bú tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n fi àfarawé kọ̀ǹpútà wò ó, wọ́n fi ìdánwò gidi kún un, wọ́n wo ibi tí ohun gbogbo wó sí. Igi àti igbó tó gùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló mú kí iná sáré. Iná tó ń gba àárín ẹ̀ka àti ewé kọjá ń rú afẹ́fẹ́ pọ̀, bó ṣe ń rú u ló ń yára, bó ṣe ń yára ló ń tì. Ta ni ìbá rò pé ọgbà igi tí a gbìn fún ẹwà lè sọ iná di ìbúgbàù? Mo máa ń rántí rẹ̀ nígbàkigbà tí mo bá rí ibi ìkó-epo-sí tí wọ́n fi igi yí ká kí òde má bàa rí inú.

Wọ́n mọ odi yí àwọn táńkì náà ká kí epo má bàa sá lọ, bí àwọn bàbá wa ní Kétu ṣe gbẹ́ yàrà yí ìlú ká tí wọ́n sì fi ẹnubodè Akaba Idena sọ́ ọ. Ṣùgbọ́n odi Buncefield jò nígbà tí iná dé bá a. Yàrà tó ní ihò kì í ṣe yàrà.

Ìkejì ni Bèírúùtù, ní ilẹ̀ Lẹ́bánónì, ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 2020. Tọ́ọ̀nù 2,750 ammonium nitrate, ohun tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, ti wà nínú ilé ìkẹ́rùsí kejìlá ní èbúté náà láti ọdún 2014. Ó lé ní igba ènìyàn tó kú. Àwọn oníwàádìí tí wọ́n ń pè ní Forensic Architecture ní Lọ́ńdọ̀nù kó fídíò àti fọ́tò tí àwọn ará ìlú yà jọ, wọ́n kọ́ ilé náà padà ní 3D, wọ́n sì wo ibi tí èéfín gbà jáde, àwọ̀ rẹ̀ àti ìrísí rẹ̀, láti mọ ibi tí iná wà nínú ilé ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Wọ́n to àwọn ẹrù sínú àwòrán náà bí fọ́tò ṣe fi wọ́n hàn: àpò ajílẹ̀, báńgà, taya mọ́tò, gbogbo rẹ̀ lábẹ́ òrùlé kan. Kò sí ìwé tó lè sọ ọ́ ju bí ojú ṣe rí i yẹn lọ. Ẹni tó bá wo àwọn àpò náà bí wọ́n ṣe wà lórí ara wọn yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá ọ̀rọ̀ àgbákò.

Ìkẹta, ẹ̀yin ará Ṣábẹ̀ tí ẹ mọ iṣẹ́ ṣúgà, ẹ fetí sí i. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2008, ilé-iṣẹ́ ṣúgà kan bú gbàù ní Port Wentworth, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 14 kú. Kì í ṣe epo, kì í ṣe gáàsì. Eruku ṣúgà ni. Wọ́n ti fi irin bo ẹ̀rọ tó ń gbé ṣúgà lábẹ́ àká, eruku sì pọ̀ nínú ibi tí wọ́n bò náà. Ìbúgbàù àkọ́kọ́ kò tóbi tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbọn eruku tó ti ń kó jọ lórí ògiri àti igi àjà sínú afẹ́fẹ́, eruku yẹn náà sì gbiná, ó ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Àjọ CSB tó ń wádìí irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi àwòrán 3D tó ń rìn ṣàlàyé rẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ: ìbúgbàù kejì ló pa ènìyàn jù.

Iná Sẹ̀mẹ̀ ńkọ́?

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ibi tí wọ́n kó epo kpayo (bẹntiróò tí wọ́n ń gba ẹ̀yìn ibodè kó wọlé) sí ní Sẹ̀mẹ̀-Kraké, nítòsí ibodè Nàìjíríà, jó. Ó lé ní ọgbọ̀n ènìyàn tó kú. Àwọn aláṣẹ sọ pé ìgbà tí wọ́n ń já àpò epo ni iná náà mú. Láti Àjàṣẹ́, ibẹ̀ kò jìnnà. Àwọn kan nínú wa rí èéfín rẹ̀ lójú ọ̀run.

Mi ò fi iná yẹn ṣe àwòrán, mi ò sì ní sọ ohun tí mi ò wádìí. Ohun tí mo lè sọ ni ìbéèrè tí mo máa bi irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá ní kí n wá: Ilẹ̀kùn mélòó ni ilé náà ní, ibo sì ni wọ́n ṣí sí? Mọ́tò àti alùpùpù tó wá ra epo, níbo ni wọ́n dúró sí, ẹ́ńjìnnì wọn ń ṣiṣẹ́ àbí ó ti kú? Ilé ìgbé mélòó ló kan ògiri rẹ̀?

Báwo ni ẹ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà?

Okùn ìwọnlẹ̀ ni, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Mo ń wọn ilẹ̀kùn, gíga òrùlé, ààyè tó wà láàárín ẹrù àti ògiri. Lẹ́yìn náà ni fọ́tò, ọgọ́rùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan bo apá kan èyí tó ṣáájú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kan wà tó ń so irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ pọ̀ di 3D; fóònù tó dára ti tó fún un. Bí ẹnì kan bá ní dúróònù, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò tó sì ń ya àwòrán, ó dára, ẹ kàn kọ́kọ́ gba àṣẹ.

Lẹ́yìn ìjàǹbá, mo máa ń wá fídíò àwọn ènìyàn. Ẹ ò mọ ohun tó wà nínú fídíò kan. Ẹ jẹ́ kí n fi ìró ṣàpẹẹrẹ: ìmọ́lẹ̀ ìbúgbàù ń dé ojú yín lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ìró ń rìn ní nǹkan bí mítà 340 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yọ nínú fídíò, tí ìró sì dé lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta, ẹni tó ń ya fídíò náà jìnnà sí ibẹ̀ tó kìlómítà kan. Fídíò mẹ́ta láti ibi mẹ́ta, a ó fi wọ́n tọ́ka sí ibi kan ṣoṣo lórí ilẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni mo jókòó ti àwọn ènìyàn. Mo máa ń bá àwọn alábàárù sọ̀rọ̀ ṣáájú ẹni tó nilé. Alábàárù ló mọ ibi tí ẹrù wà, torí òun ló fi èjìká gbé e.

Atẹ́gùn tó ń fẹ́ lọ́jọ́ náà, ṣé ó ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀?

Ó ṣe pàtàkì débi pé ó dójú tì mí nígbà kan. Nínú àfarawé iná ilé ìkẹ́rùsí kan, mo fi atẹ́gùn etí òkun sí i, èyí tó ń ti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn wá, torí òun ló máa ń fẹ́ jù ní Àjàṣẹ́. Èéfín inú kọ̀ǹpútà wá lọ síhà àríwá. Ìyá àgbà kan tó ń dín àkàrà nítòsí ibẹ̀ wò ó títí, ó ní, "Ọmọ mi, kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọyẹ́ ń jà lọ́jọ́ yẹn. Orí agbada mi ni eérú ń já lé, apá ọ̀sà ni mo sì jókòó sí." Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo yí atẹ́gùn padà sí ti ọyẹ́, láti àríwá-ìlà-oòrùn, gbogbo àwòrán náà sì yí padà: ilé tí mo ti ní kò sí nínú ewu ni iná kọjú sí. Láti ọjọ́ náà, mi ò ṣe àfarawé kan láì gbé atẹ́gùn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ mẹ́ta yẹ̀ wò, pẹ̀lú èyí tí atẹ́gùn kò fẹ́ rárá, torí òru tí ewé kò mì ni afẹ́fẹ́ epo máa ń dúró sójú kan tó ń kún.

Kọ̀ǹpútà wo ni ẹ ń lò? Ṣé kò wọ́n jù?

Ọ̀pọ̀ ohun èlò iṣẹ́ náà jẹ́ ọ̀fẹ́. FDS, èyí tó ń ṣírò iná àti èéfín, àjọ NIST ní Amẹ́ríkà ló gbé e jáde lọ́dún 2000. Smokeview ni wọ́n fi ń wo èsì rẹ̀ ní 3D. OpenFOAM náà wà fún ìṣirò bí afẹ́fẹ́ ṣe ń rìn, Blender wà fún kíkọ́ ilé ní 3D. Èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ epo ńlá ń lò fún ìbúgbàù, bíi FLACS láti Nọ́wè, owó gidi ni wọ́n ń san sí i.

Ohun tó wọ́n ni àkókò. Ẹ wo ilé ìkẹ́rùsí tó gùn ní mítà 20, tó fẹ̀ ní 10, tó ga ní 5. Bí àpótí kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ sẹ̀ntímítà 20 ní gbogbo ìhà, ó jẹ́ àpótí 125,000. Bí a bá dín in kù sí sẹ̀ntímítà 10, ó di mílíọ̀nù kan. Iye àpótí di ìlọ́po mẹ́jọ, àkókò ìṣirò sì di nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rìndínlógún, torí kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ máa gbé ìṣísẹ̀ kéékèèké sí i. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta di ọjọ́ méjì. Bí iná mànàmáná bá lọ láàárín, tí ẹ kò sì ní kó máa fi iṣẹ́ pamọ́ bó ṣe ń lọ, ẹ ó tún un bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ìgbà àkọ́kọ́, àpótí ńlá ni mo ń lò. Ibi tó bá ṣe pàtàkì, bíi ẹnu ilẹ̀kùn, ni mo ń pín wẹ́wẹ́.

Ìgò epo ni mo ń tà lẹ́bàá títì. Kí ló kàn mí níbẹ̀?

Ìgò orí tábìlì yín kọ́ ló ń dẹ́rù bà mí jù, èyí tó wà nílé ni. Bí ẹ bá lè gbé e lọ ní ìlọ́po méjì jíjìnnà sí ibi tí ẹ ń sùn, ooru tí yóò bà yín bó bá jó yóò sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́rin ti tẹ́lẹ̀. Ẹ má gbé e sí ọ̀nà àbájáde. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Òwú àti àgbàdo la kó jọ ní Kétu níbí, kì í ṣe epo. Ṣé ẹ̀rù yẹ kó bà wá?

Òwú kì í bú gbàù, ṣùgbọ́n ó burú lọ́nà tirẹ̀. Iná lè wà ní àárín ìdì òwú fún ọ̀pọ̀ wákàtí, tàbí ọjọ́ mélòó kan, láìsí ahọ́n iná lóde. Wọ́n á ní àwọn ti pa á, wọ́n á tilẹ̀kùn, yóò sì tún jí lóru. Nínú 3D, ohun tí mo máa ń wò fún òwú ni àlàfo àárín ìdì sí ìdì, àti bóyá àwọn panápaná lè fa ìdì tó ń jó jáde láì wó ìyókù lé ara wọn lórí.

Àgbàdo fúnra rẹ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ni. Ilé ìlọ̀ tí eruku funfun ti bo igi àjà rẹ̀ ń ṣe ohun tí ilé-iṣẹ́ ṣúgà Port Wentworth ṣe, bó tilẹ̀ kéré. Ẹ gbá a mọ́lẹ̀, ẹ má fẹ́ ẹ kúrò pẹ̀lú ẹ̀rọ afẹ́fẹ́.

Ṣé kóòtù lè gbà á?

Ẹ̀rí kan láàárín ẹ̀rí ni, kì í ṣe adájọ́. Ẹni tó bá gbé e lọ gbọ́dọ̀ lè sọ ibi tí ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan ti wá, kí ẹni tó wà lódìkejì lè tún un ṣe kó sì rí èsì kan náà.

Ọmọ mi kú nínú iná kan. Ṣé ẹ ó fi bó ṣe kú hàn?

Ẹ kú àmúmọ́ra. Ìbéèrè yìí ni mo máa ń fi ọ̀wọ̀ tó ga jù dáhùn.

Rárá, mi ò ní fi ara ọmọ yín hàn. Nínú àwòrán tí mo bá ṣe, mi ò yàwòrán òkú, mi ò kọ orúkọ sára ẹnikẹ́ni, mi ò sì fi ìró igbe sí i. Ẹni tó wà nínú ilé náà, àmì kékeré ni yóò jẹ́, láìlójú. Mo sì ń fi í han ẹbí kí n tó fi í han ẹnikẹ́ni mìíràn. Bí wọ́n bá ní kí n dúró, mo dúró.

Ṣùgbọ́n mo ti kọ́ nǹkan kan lọ́dọ̀ àwọn òbí. Bàbá kan fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ òun ìbá ti yè ká ní ó sáré. Ó ti ń gbé ìbéèrè yẹn kiri fún ọdún méjì, ó ń rò pé ọmọ náà ṣojo. Àfarawé fi hàn pé èéfín ti dé ìwọ̀n imú láàárín àkókò kúkúrú, pé ilẹ̀kùn kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ wà lódìkejì iná. Kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni ìbá sá gbà. Bàbá náà sunkún gan-an, ó sì ní kí n tún fi ilẹ̀kùn yẹn han òun. Ilẹ̀kùn ló jẹ̀bi, kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Bí iṣẹ́ yìí kò bá ṣe ohun mìíràn láyé yìí, mo gbà pé ìyẹn tó.

Awò tí wọ́n ń gbé sójú ńkọ́, èyí tó ń jẹ́ kí ènìyàn rò pé òun wà nínú ibẹ̀?

Ó dára fún kíkọ́ àwọn panápaná. Fún ìpàdé àdúgbò, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń tan àwòrán sára ògiri, kí gbogbo ènìyàn lè jọ rí i, kí wọ́n jọ jiyàn lé e lórí.

Ṣé a lè gba ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ gbọ́ tán?

Ẹ má gbà á gbọ́ tán. Àwọ̀ tó dán a máa tan ènìyàn. Mo ti rí àwòrán iná tó lẹ́wà tó fi jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò béèrè bóyá wọ́n wọn ilé náà. Bi ẹni tó ṣe é: irú epo wo lo fi sí i, lítà mélòó, ta ló sọ fún ọ? Ẹ̀ẹ̀melòó lo ṣe é, kí ló sì yí padà nígbà tí o yí atẹ́gùn padà? Ẹni tó bá ní ẹ̀ẹ̀kan péré lòun ṣe é kò tíì ṣe é. Kí ó sì sọ ohun tí kò mọ̀ fún yín láìfi bò.

Ọmọ mi fẹ́ kọ́ ọ. Níbo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀?

Físíìsì àti ìṣirò ni ìpìlẹ̀. Ní Dangbo, tí kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ilé ẹ̀kọ́ IMSP wà fún ìṣirò, físíìsì àti kọ̀ǹpútà ní ìpele gíga. Kó tó dé ibẹ̀, kó gba FDS sílẹ̀, kó wọn ilé ìdáná ìyá rẹ̀, kó sì kọ́ ọ sínú rẹ̀. Kó fi iná sí ààrò nínú kọ̀ǹpútà, kó sì wò ó bóyá èéfín rẹ̀ ń gba ibi tí èéfín gidi ń gbà. Yóò mọ àṣìṣe rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Mo ní fídíò iná kan nínú fóònù mi. Kí ni kí n fi ṣe?

Bí iná bá ṣì ń jó, ẹ kúrò níbẹ̀ ná, ẹ pe panápaná ní 118, ẹ má dúró ya fídíò nítòsí. Bí ó bá ti kọjá, ẹ má pa fídíò náà rẹ́, ẹ má gé e, ẹ má sì kọ nǹkan kan sórí rẹ̀. Bí ẹ bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, yóò fún un pọ̀, àkókò àti ibi tí ẹ ti yà á tó wà nínú rẹ̀ á sì ti sọnù. Ẹ fi okùn so fóònù mọ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kó o sínú fláàṣì bó ṣe wà. Ẹ kọ ibi tí ẹ dúró sí sórí ìwé, ojúlé wo, lábẹ́ igi wo, àti ìhà ibi tí ẹ kọjú sí. Ẹ wo aago fóònù náà bóyá ó bá ti gidi mu. Bó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yára, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìṣẹ́jú mẹ́rin ni.